Ètò Irinṣẹ́ àti Ìlò Àkókò Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Ètò irinṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí orí yìí ṣe lò ó, kò ju pé kí mẹkáníìkì mọ ibi tí sípánà kọ̀ọ̀kan wà kí ó tó nawọ́ sí i, kí sípánà náà sì padà síbẹ̀ kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, ohun tó ń jẹ àkókò jù kì í ṣe títú nọ́ọ̀tì tàbí dídì í, bí kò ṣe wíwá ohun tí wọ́n máa fi tú u. Ọ̀gá á wà lábẹ́ ọkọ̀, á ní kí wọ́n gbé sípánà fọ́tíìnì wá; ọmọ-iṣẹ́ á sáré lọ síbi àpótí, á tú u wò, á gbé nọ́ńbà mìíràn wá; ọ̀gá á bú u, ọmọ-iṣẹ́ á sì tún sáré padà. Nítorí pé ẹsẹ̀ ọmọ-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè ìdàrúdàpọ̀ náà, ọ̀gá kì í sábà rí i pé ohunkóhun ń ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ṣọ́ọ̀bù òun ṣe rí gan-an lè ka iye ìgbà tí ọmọ-iṣẹ́ dìde nídìí ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, kí ó sì ronú lórí ohun tí ọmọ náà ì bá ti rí kọ́ ká ní ó dúró síbi tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ohun ìwádìí. Ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Model T lórí ìlà tó ń rìn ní ọdún 1913, àkókò tí wọ́n fi ń to ọkọ̀ kan sì já wálẹ̀ láti nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan, níbi tí Taiichi Ohno ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà tó ṣáájú, ka ìrìn tí kò pọn dandan, ìdúró láìnídìí àti ẹrù tó ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ mọ́ ìfiṣòfò, bí wọ́n ṣe ń ka irin tó bàjẹ́ mọ́ ọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Japan pín títò ibi iṣẹ́ sí ìgbésẹ̀ márùn-ún: kí wọ́n yọ ohun tí kò wúlò kúrò, kí wọ́n fún ohun tó kù ní àyè tirẹ̀, kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n sì nu irinṣẹ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ tẹ̀lé ìlànà kan náà, kí wọ́n sì máa tẹ̀lé e bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà, àmọ́, tí àwọn tó ń gbé ìlànà ilé-iṣẹ́ ńlá wá sí ṣọ́ọ̀bù kékeré sábà máa ń gbójú fò. Ní ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ ló ń rìn wá bá òṣìṣẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ náà sì ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ dúró sójú kan, ènìyàn ló ń yí i ká, Golf tí bíréèkì rẹ̀ ń dún sì lè tẹ̀lé Camry tí omi ń jò lára rẹ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ṣọ́ọ̀bù rẹwà bí ilé-iṣẹ́, kò sì pọn dandan kí ọ̀gá ra àpótí aláwọ̀ pupa onítáyà mẹ́rin tó wà nínú fíìmù. Ohun tó pọn dandan ni pé kí irinṣẹ́ lè tẹ̀lé mẹkáníìkì lọ sídìí ọkọ̀, kí ó sì tẹ̀lé e padà.

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà nítòsí

Ṣíṣà ló yẹ kó ṣáájú. Kí wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ jáde lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tapólì, kí wọ́n sì nu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà ara rẹ̀ yóò fi hàn. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ kan ṣoṣo tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ ọdún Ògún, nígbà tí àwọn ọ̀gá tó ń bọ Ògún bá kó irin iṣẹ́ wọn jọ síwájú ojúbọ. Ọ̀gá tó gbọ́n á ti mú ìwé àti bírò dání lọ́jọ́ náà. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀, súkúrú-díráífà tí ẹnu rẹ̀ ti kú àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán gbọ́dọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù, torí pé bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń kánjú yóò mú wọn, wọn yóò sì ba orí nọ́ọ̀tì tí kò ṣe ohunkóhun jẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú fífi sípánà tó ti bàjẹ́ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ alájórin kí ó di ohun èlò mìíràn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ padà sínú àpótí gẹ́gẹ́ bíi sípánà.

Kíka nọ́ńbà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé àpótí tí ọ̀gá jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀yà méjì nínú. Láyé tí àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Bedford, Austin àti Morris pọ̀ lójú títì, íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn orí nọ́ọ̀tì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna àti Volkswagen ní Èkó ní ọdún 1975, tí ọkọ̀ Japan sì gba ìgboro lẹ́yìn wọn, mìlímítà gbòde. Sípánà ààbọ̀ íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, nítorí náà ó máa ń jó lórí nọ́ọ̀tì 12, ẹni tó mú un dání á sì tètè mọ̀ pé kì í ṣe òun. Èyí tó léwu ni 9/16, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 14.3, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 14 mu: á tú nọ́ọ̀tì tó rọ̀ láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá pàdé èyí tó ti dípẹtà, á jẹ igun orí rẹ̀ títí yóò fi di roboto. Ti 3/4, tó jẹ́ 19.05, nìkan ni wọ́n lè fi rọ́pò 19 láìbẹ̀rù. Àwọn irinṣẹ́ oníǹṣì kò yẹ ní jíjù nù, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n nídìí, kí wọ́n sì wà nínú àpò tiwọn.

Nọ́ńbà tún ń sọ irú ọkọ̀ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bóòtù tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8 máa ń ní orí 12 lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, nígbà tí ó jẹ́ pé orí 13 ló máa ń ní lára ọkọ̀ Jámánì. Èyí tó nípọn tó 10 máa ń ní orí 14 lára Toyota tàbí Honda, ṣùgbọ́n 16 tàbí 17 lára Volkswagen àti Mercedes. Ìdí nìyí tí ẹni tó jẹ́ pé Toyota àti Honda ló ń ṣe jù fi lè fi 10, 12, 14, 17, 19 àti 21 parí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí 15, 16 àti 18 yóò sì wà nínú àpótí fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè wọn. Tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti General Motors tàbí Ford bá ń wá déédéé, 13, 15 àti 18 gbọ́dọ̀ bọ́ sí iwájú. Ọkọ̀ Jámánì yóò sì béèrè Torx, ìyẹn orí bóòtù oníràwọ̀ onígun mẹ́fà, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì mú fún súkúrú-díráífà tí wọ́n ń pè ní sítáà, nítorí pé sítáà tí wọ́n bá fi ipá tì sínú rẹ̀ yóò jẹ ojú rẹ̀, irin líle tí wọ́n bá sì lù wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà lè má jáde mọ́. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè tó sún mọ́ ọwọ́ jù. Èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò gbọ́dọ̀ bá a du àyè náà, bó ti wù kí owó tí wọ́n fi rà á pọ̀ tó.

Láàárín àwọn sípánà fúnra wọn, ríngì, ìyẹn èyí tí ẹnu rẹ̀ yí orí nọ́ọ̀tì ká, ló yẹ kó ṣáájú fún títú ohun tó le, nígbà tí fúláátì, tí ẹnu rẹ̀ là, wà fún ibi tí ríngì kò lè wọ̀, irú bí orí páìpù bíréèkì tàbí nọ́ọ̀tì tí nǹkan dí lójú. Fúláátì sábà máa ń ní nọ́ńbà méjì, 10 àti 11 ní orí kan sí èkejì, 12 àti 13, 14 àti 15, 17 àti 19, ìdí sì nìyí tí ẹni tó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi máa ń há nígbà tí bóòtù àti nọ́ọ̀tì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, tí ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di ọ̀kan mú kí èkejì tó yí. Fún ìdí yìí, kí ṣọ́ọ̀bù ní 12, 14 àti 17 méjì-méjì, kí ó sì ní 10 mẹ́ta, torí pé 10 kéré, òun ni wọ́n ń lò jù, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló sì ń bọ́ sí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn. Kí ó tó di ọdún 1920, ó wọ́pọ̀ pé kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìmú tirẹ̀ tí kò ṣeé yọ. Ọdún yẹn ni Joseph Johnson àti William Seidemann ní Milwaukee dá ilé-iṣẹ́ tó di Snap-on sílẹ̀, tí wọ́n ń ta ìmú márùn-ún pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tó ń wọ ara wọn, wọ́n sì ń polówó pé márùn-ún yóò ṣe iṣẹ́ àádọ́ta. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó mú ewu tirẹ̀ dání: bí ìmú oníjíà tí wọ́n ń pè ní ráṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì sọnù, ogún sọ́kẹ́ẹ̀tì di ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ráṣẹ́ẹ̀tì méjì wà, ó kéré tán, kí wọ́n sì máa rántí pé ihò ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní íǹṣì, 1/4, 3/8 àti 1/2, bí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ mìlímítà. Tí wọ́n bá to sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò ẹ̀yìn yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ pín wọn sọ́tọ̀, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Àyè irinṣẹ́

Pátákó ni ohun ìtọ́jú irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Wọ́n á kan pátákó mọ́ ara ògiri tàbí inú ilẹ̀kùn kọ̀ńténà, wọ́n á to sípánà sórí rẹ̀ láti kékeré dé ńlá, wọ́n á kan ìṣó sí àyè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọ̀dà ya àwòrán ohun tó ń gbé orí ìṣó náà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwòrán tí kò bá ní irin lórí ló ń fẹ́ ìdáhùn. Ohun tó dára nínú èyí ni pé ọmọ-iṣẹ́ tó dé lánàá, tí kò tíì mọ orúkọ irinṣẹ́ kankan, lè dá nǹkan padà sí àyè rẹ̀ láìbéèrè, ó sì ń ti ibẹ̀ kọ́ orúkọ àti nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n pátákó kò lè rìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń ṣìṣe, tí wọ́n á to pátákó tó wu ojú, tí ọmọ-iṣẹ́ á sì tún máa sáré láàárín pátákó àti ọkọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwo iṣẹ́ ló ń dí àlàfo náà: wọ́n lè gé ẹ̀gbẹ́ kan lára kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n sì lò ó fún kíkó ohun tí iṣẹ́ kan pàtó nílò lọ sídìí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí aláṣọ òkè kì í ti í dìde nídìí òfì láti lọ wá ọ̀kọ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú àwo náà kì í ṣe oríṣi irinṣẹ́ kan, bíi gbogbo ríngì tàbí gbogbo púláyà, bí kò ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún bíréèkì iwájú Toyota, fún àpẹẹrẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 fún táyà, ríngì 14 fún bóòtù ara kálípà, ohun tí wọ́n á fi ti písítíìnì padà, búrọ́ọ̀ṣì wáyà, gíríìsì tó lè fara da ooru, àkísà àti wáyà tí wọ́n á fi so kálípà rọ̀ kí ó má bàa fi họ́ọ̀sì rẹ̀ rọ̀. Ẹni tó bá kọ irú àkójọ yìí sára páálí fún iṣẹ́ mẹ́fà tó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó, ti ṣe ju ẹni tó ra àpótí tuntun lọ.

Kíka irinṣẹ́ kí wọ́n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́ àṣà tí mẹkáníìkì lè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, irinṣẹ́ onínáílọ́ọ̀nù tó gùn tó mítà 1.25 ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì Airbus A380 ilé-iṣẹ́ Qantas lẹ́yìn àyẹ̀wò ní Los Angeles, ọkọ̀ náà sì fò nígbà 34 kí wọ́n tó rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù ojú títì, ráṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbàgbé sórí bátìrì lè gbá orí bátìrì méjèèjì pọ̀ kí iná sì sọ, súkúrú-díráífà tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fáànù lè la ráídétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbáná tí fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwo iṣẹ́ mú kíka rọrùn, torí pé ohun mẹ́jọ tó jáde ni ohun mẹ́jọ tó gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yíyá náà kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsọ. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ti wà lójú kan, tí pánẹ́ẹ̀lì bítà, riwáyà àti mẹkáníìkì ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ kan náà, kò sí bí wọn kò ṣe ní yá ara wọn nírinṣẹ́, ẹni tó bá sì kọ̀ jálẹ̀ yóò rí èrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun náà bá nílò nǹkan. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni àmì: wọ́n á kó wáṣà irin jọ, wọ́n á fi ọ̀dà kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò kọ̀ọ̀kan sí i lára, wọ́n á sì fi wáṣà ẹni tó yá nǹkan kọ́ sórí ìṣó tó ṣófo. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sì sí pé ta ló mú un.

Ohun tí wọ́n tú sílẹ̀

Ètò ohun tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ le ju ètò irinṣẹ́ lọ, àṣìṣe inú rẹ̀ sì wọ́n ju ti irinṣẹ́ lọ. Sípánà tó sọnù ṣeé rà. Bóòtù tí wọ́n dá padà sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ lè la ara ẹ́ńjìnnì. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn bóòtù tó di ohun kan ṣoṣo mú, bíi ìbòrí táímìn tàbí pọ́ǹpù omi, lè ní orí kan náà kí gígùn wọn sì yàtọ̀: èyí tó gùn bá wọ ihò tí kò jìn, yóò kan ìsàlẹ̀ kí ó tó di ohun náà mú, ẹni tó ń yí i yóò rò pé ó ti le tó, tàbí kí ó fi ipá kún un títí irin yóò fi sán. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n ya àwòrán ohun tí wọ́n ń tú sórí páálí, kí wọ́n lu ihò síbi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà nínú àwòrán náà, kí wọ́n sì máa ki bóòtù kọ̀ọ̀kan sínú ihò rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Níbi tí kò bá ti ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n dá bóòtù padà sójú ihò rẹ̀ gan-an, kí wọ́n fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dúró síbẹ̀ de ọjọ́ àtitò.

Nígbà tí wọ́n bá sọ tọ́ọ̀pù sílíńdà kalẹ̀, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì tí fáfù wà nínú rẹ̀, ìtò gbọ́dọ̀ túbọ̀ le sí i. Fáfù kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń tì í ti jẹra wọn mọ́ra láti ọdún tí ọkọ̀ ti ń rìn, nítorí náà kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ipò wọn. Páálí ẹyin, tó ní ihò ọgbọ̀n, bá iṣẹ́ yìí mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí láti wá ohun mìíràn, bí wọ́n bá ti fi bírò kọ nọ́ńbà sílíńdà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdérí ìsàlẹ̀ kọ́nírọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ kọ́nírọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn padà. Bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà ní ìlànà tirẹ̀: láti eteetí sí àárín ni wọ́n ń tú u, láti àárín sí eteetí ni wọ́n ń dì í, díẹ̀díẹ̀, kí irin náà má bàa wọ́.

Fún wáyà àti họ́ọ̀sì, téèpù àti bírò ti tó: lẹ́tà kan náà ní orí méjèèjì kí wọ́n tó yọ wọ́n. Fóònù alágbèéká ti mú iṣẹ́ yìí rọrùn, àwòrán mẹ́rin láti igun mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan sì lè gba wákàtí kan là lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tò ó, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ èyí tó gùn nínú bóòtù méjì, nítorí náà kò rọ́pò páálí. Níbi iṣẹ́ bíréèkì, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n tú kí wọ́n sì tò tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì, kí èyí tí wọn kò tíì tú lè jẹ́ ìwé àkàtúnkà. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́, tí wọ́n bá fi sínú àwo pẹlẹbẹ, kò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀tì kéékèèké yí lọ nígbà tí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ gbá àwo, àti pé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà.

Bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń fọ ohun tí wọ́n tú, ó sì yẹ kí àṣà náà dópin. Ooru rẹ̀ tí ojú kò rí máa ń rìn lórí ilẹ̀ lọ bá iná alájórin tàbí ti ẹni tó ń mu sìgá ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Kẹrosíìnì náà ń jóná, ṣùgbọ́n kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Fún ohun tí gíríìsì rẹ̀ kò pọ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ń ṣe é. Bíréèkì kò gbọ́dọ̀ rí kẹrosíìnì rárá, torí ọ̀rá tó ń fi sílẹ̀.

Títò iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ

Irinṣẹ́ tó wà létò kò ní ran iṣẹ́ tí kò ní ìtẹ̀léra lọ́wọ́. Sáfíìsì Corolla tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, irú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2003 sí 2008, fi èyí hàn dáadáa. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kọ́ìlì tí bóòtù orí 10 dì mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ló ń tú púlọ́ọ̀gì, nọ́ọ̀tì ọ́ìlì nísàlẹ̀ jẹ́ 14, ọ́ìlì tó ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 3.7. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á kọ́kọ́ tú ọ́ìlì, á sì bọ́ sórí púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Òdìkejì rẹ̀ ló tọ́. Àlùmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù sílíńdà náà, nígbà tó bá sì gbóná, ìlà inú ihò púlọ́ọ̀gì rọrùn láti fà yọ. Ọ́ìlì, ní tirẹ̀, ń dà dáadáa nígbà tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, tó sì ń kó ìdọ̀tí dání. Nítorí náà, ọkọ̀ tó sun ṣọ́ọ̀bù mọ́jú ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tó tutù, kí wọ́n fi ọwọ́ yí tuntun wọlé kí ráṣẹ́ẹ̀tì tó kàn án, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á sì gbé e lé ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan, kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tó lè fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ń dà sínú abọ́, àkókò tó fi ń dà tán jẹ́ ti bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti ojú táyà. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ jókòó wo ọ́ìlì.

Ohun tó ń jẹ àkókò ju gbogbo èyí lọ ni ọ̀nà ọjà. Mẹkáníìkì tó lọ sí ọjà Ladipọ ní Mushin tàbí ọjà Gate ní Ìbàdàn nítorí páàdì, tó padà dé kí ó tó rí i pé dísíìkì náà ti jẹ, ti sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà: gbogbo ohun tí wọ́n máa rà, títí dé gásíkẹ́ẹ̀tì, kílíìpù àti ọ́ìlì bíréèkì, wà nínú ìwé, ẹ̀yà àtijọ́ wà lọ́wọ́ fún ìfiwéra, àwòrán nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí ọkọ̀ sì wà nínú fóònù. Kí wọ́n pe oníbàárà kí wọ́n tó lọ, torí pé owó dísíìkì tí wọn kò sọ fún un tẹ́lẹ̀ ni yóò dá ìjà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Sípánà tọ́ọ̀kì, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń wọn agbára tí ọwọ́ fi ń yí bóòtù ní ìwọ̀n Newton-mítà, kò tíì wọ́pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà iṣẹ́ gbà pé ọwọ́ wọn ti mọ ìwọ̀n, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún ohun tí irin di irin; ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í mọ ìgbà tí ìlà àlùmíníọ́ọ̀mù fẹ́ já. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla náà jẹ́ 103, nọ́ọ̀tì ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 37. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n dá irinṣẹ́ náà padà sí ìwọ̀n tó kéré jù lára rẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè sinmi, kí wọ́n sì má ṣe fi tú bóòtù tó le.

Pípa ṣọ́ọ̀bù dé

Ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn ọjọ́ kì í ṣe ti ọkọ̀. Wọ́n á ka àwo, wọ́n á wo pátákó, wọ́n á fi àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nu irin, pàápàá lásìkò òjò tí ìpẹtà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá sípánà tó tutù, wọ́n á sì gbá ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ibi tí nọ́ọ̀tì tó sọnù lọ́sàn-án ti sábà máa ń jáde. Àkísà tó kún fún ọ́ìlì lọ sínú agolo tó ní ìdérí. Lẹ́yìn náà ni ìwé iṣẹ́: nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí wọ́n tú, ohun tó ṣẹ́ kù láti rà, àti orúkọ ẹni tó di nọ́ọ̀tì táyà, torí pé òun ni wọ́n máa pè bí oníbàárà bá padà wá sọ pé nǹkan ń dún. Ó dára kí ọmọ-iṣẹ́ tó mọ̀wé jù máa kọ ọ́, kí ó sì kà á sókè fún ọ̀gá kí wọ́n tó ti kọ̀ńténà. Bí ọ̀gá bá rí i pé ọmọ náà kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ ohun kan, àlàyé rẹ̀ ni yóò ṣáájú iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.